Kẹ̀kẹ́ Ìyàwó Mi Lórí Ọ̀nà Yangí

Ọ̀nà kan wà láàárín àwọn òkè Ìgbómìnà, ìrìn nǹkan bíi wákàtí méjì sí Ìlọrin, tí mọ́tò kì í gbà mọ́. Afárá rẹ̀ ti já láti ìgbà tí àwọn ọmọ wa ṣì wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìjọba máa ṣe òmíràn, ẹ̀yìn òkè ni wọ́n gbé e gbà, wọ́n da ọ̀dà sí i, gbogbo ọkọ̀ àti ọ̀kadà sì ṣí lọ síbẹ̀. Pákó ìrókò méjì tí wọ́n tẹ́ sórí odò ni afárá ọ̀nà àtijọ́ náà báyìí. Ẹlẹ́sẹ̀ lè gbà á. Ẹni tó ní kẹ̀kẹ́, tí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀, lè gùn ún kọjá. Ìyàwó mi máa ń gùn ún kọjá.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi gbọ́ nípa ọ̀nà yìí lẹ́nu rẹ̀ láì fi ojú ara mi rí i. Iṣẹ́ tèmi ni kí n wa mọ́tò. Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, lẹ́yìn ìrun àsúbàá, a ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, a ó sì jáde ní Gàmbàrí, àdúgbò wa, kí àwọn oníṣọ́ọ̀bù tó máa gbálẹ̀. Bí a bá dé Gáréèjì Ọ̀fà, tí àwọn agbèrò ń lu ara ọkọ̀, tí wọ́n ń pariwo pé ó ku ẹnì kan péré láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì wọlé, yóò yí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sókè.

"Tíṣà, ẹ jẹ́ ká sá fún àwọn èèyàn yìí."

Tíṣà ló ń pè mí, nítorí iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì. Nọ́ọ̀sì ni òun. Àwọn òkè yẹn ni ìjọba kọ́kọ́ gbé e lọ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ẹ̀kọ́, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ ọkùnrin, pẹ̀lú àpótí yìnyín tí abẹ́rẹ́ àjẹsára wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn. Nígbà tó fẹ̀yìntì, ọmọ wa obìnrin tó wà lókè òkun béèrè ohun tó fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò béèrè aṣọ, kò béèrè ẹ̀wọ̀n ọrùn. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà olókùúta ló ní òun fẹ́. Ó dé nínú páálí gbọọrọ kan. Táyà rẹ̀ nípọn ju ti kẹ̀kẹ́ tí mo mọ̀ lọ, ó sì rí págunpàgun. Ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ bí ìwo àgbò. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n de kéríà mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì ra aago kan tó ń dún gooro mọ́ ọn.

Ẹ̀gbọ́n mi, tí a jọ ń gbé agbo ilé, kò lè gbà á mọ́ra. Ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí i tó wọ ṣòkòtò sábẹ́ bùbá gígùn, tó fi ìbòrí rẹ̀ wé orí dáadáa, tó sì di kẹ̀kẹ́ mú, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ogun ibo lẹ ń lọ?"

Ìyàwó mi kúnlẹ̀ kí i tán, ó ní, "Ọkọ mi àgbà, ẹ gùn ún wò. Bí ẹ bá dé ẹnu géètì láì ṣubú, mo fi ta yín lọ́rẹ."

Ẹ̀gbọ́n mi wo géètì, ó wo kẹ̀kẹ́, ó sì rántí pé ẹnì kan ń dúró de òun ní mọ́sáláṣí.

Ibi tí ọ̀nà àtijọ́ ti yà kúrò lára ọ̀nà ọ̀dà ni mo máa ń gbé ọkọ̀ dúró sí, lábẹ́ igi máńgòrò. Ó máa gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọ inú igbó, èmi á ṣí ìwé ìròyìn. Mo ti wo ọ̀nà náà lórí máàpù. Àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ kò lè gba ẹni tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn ju wákàtí méjì ààbọ̀ lọ. Wákàtí márùn-ún ló máa ń gba òun. Inú mi kì í dùn sí ìṣirò tí kò bá bọ́ sí i, mo sì máa ń sọ ọ́.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀ gan-an?"

"Mò ń kí èèyàn."

"Wákàtí méjì ààbọ̀ ni ìkíni?"

"Ẹ wá wò ó, Tíṣà. Ibẹ̀ dára ju ìwé ìròyìn lọ."

Mo máa ń ní ó di oṣù tó ń bọ̀.

Ó kú ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan nígbà ọyẹ́, lẹ́yìn àìsàn tí kò pé ọ̀sẹ̀ méjì. N kò ní kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa ìyẹn. A sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú. A ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ, a ṣe ti ogójì ọjọ́, ilé kún, ilé sì tún ṣófo. Mo rò pé gbogbo ẹni tó yẹ kó gbọ́ ló ti gbọ́.

Ìgbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, tí mo rí kẹ̀kẹ́ náà ní ọ̀ọ̀dẹ̀, tí eruku ti bò ó, ni ó wá sọ sí mi lọ́kàn pé àwọn ará òkè kò mọ̀. Fóònù kì í mú nẹ́tíwọ̀kì lọ́hùn-ún. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ ilé wa. Sátidé àkọ́kọ́ mẹ́ta ti kọjá tí wọ́n ti ń retí rẹ̀. Ìyá arúgbó kan sì wà ní orí òkè, tí kì í ṣe òun ló bí ìyàwó mi, àmọ́ tí ìyàwó mi ń pè ní ìyá láti ọgbọ̀n ọdún ó lé. Ó ti sọ fún mi pé bí òun kò bá yọjú, ìyá yẹn máa ń jókòó sẹ́bàá ọ̀nà títí oòrùn á fi wọ̀.

Ẹnì kan ní láti lọ túfọ̀ fún wọn. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ ẹnu ọ̀nà náà.

Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi gun kẹ̀kẹ́ náà yípo agbo ilé kí ẹsẹ̀ mi tó rántí ohun tó mọ̀ nígbà èwe. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àga rẹ̀, ó ń wò mí.

"Àgbàlagbà yìí, ṣé o fẹ́ tẹ̀lé e ni?"

"Iṣẹ́ ni mo fẹ́ lọ jẹ́."

Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó dìde, ó sì bá mi fẹ́ táyà ẹ̀yìn.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ tó tẹ̀ lé e, mo páàkì sábẹ́ máńgòrò, mo ti ọkọ̀, mo sì gun kẹ̀kẹ́ wọ inú igbó. Mo bọ́ sílẹ̀ níbi afárá, mo tì í kọjá, odò ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ lábẹ́ pákó. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀nà náà ṣí sílẹ̀ fún mi.

N kò mọ̀ pé ó rí bẹ́ẹ̀. Yangí pupa ni, òjò ti fọ̀ ọ́ mọ́, òkúta wẹ́wẹ́ sì wà lórí rẹ̀ tí táyà ń lọ̀ bí ẹni ń da àgbàdo sínú igbá. Àwọn igi ńláńlá na ọwọ́ láti ọ̀tún àti òsì títí wọ́n fi pàdé lókè, ìmọ́lẹ̀ sì ń já sílẹ̀ láàárín wọn ní ìwọ̀nba. Àparò fò jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Níbì kan, mo gbọ́ tí ọ̀bọ ń jà lórí igi. Bí mo ṣe kọjá, wọ́n dákẹ́ kí wọ́n lè wò mí, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, èémí mi nìkan ni mò ń gbọ́. Ní Ìlọrin, èèyàn kì í gbọ́ èémí ara rẹ̀. Kò sí hóònù, kò sí ẹni tó ń pariwo kí n kúrò lọ́nà, kò sí èéfín. Mo ronú pé ohun tí obìnrin yìí ń rí lóṣooṣù nìyí, tí mo jókòó sísàlẹ̀ tí mò ń ka ọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú.

Abúlé àkọ́kọ́ kò ju ilé mẹ́fà lọ. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin ń kọ ebè lẹ́bàá ọ̀nà. Mo tẹ aago ní ìkòríta kan nítorí ewúrẹ́, kí n sì tó rí wọn ni mo gbọ́ ohùn wọn.

"Nọ́ọ̀sì! Nọ́ọ̀sì ti dé o!"

Wọ́n sáré jáde sójú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n rí mi, ọ̀kan nínú wọn gbá orí mú.

"Yéè! Nọ́ọ̀sì ti di ọkùnrin!"

"Ó ti hu irùngbọ̀n funfun!"

Mo sọ̀kalẹ̀, nítorí èèyàn kì í wà lórí kẹ̀kẹ́ kó máa kí èèyàn. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn wò mí láti òkè délẹ̀. "Ẹ̀yin ni ọkọ Nọ́ọ̀sì, àbí? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń jókòó sísàlẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìròyìn?"

"Èmi ni."

"Ẹ kú ìjókòó o!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín. "Ẹ kú ọ̀nà, bàbá. Ẹ kú agara."

"Ẹ kú iṣẹ́. Iṣẹ́ á ṣe yín lóore."

"Àmín. Ilé ńkọ́?"

"Ilé wà."

"Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Wọ́n ń kí yín."

"Nọ́ọ̀sì ńkọ́?"

"Ó wà. Ó ní kí n kí yín."

Ó ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa: bí wọ́n bá béèrè ará ilé ẹni, wọ́n wà, wọ́n ń kíni. Ahọ́n mi ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà, kò sì dúró gbọ́ pé nǹkan ti yí padà.

"Ẹ bá wa kí i o," ni àgbà náà wí. "Ẹ sọ fún un pé ẹsẹ̀ mi tó wú yẹn ti lọ sílẹ̀. Oògùn rẹ̀ ṣiṣẹ́." Ó gbé ẹsẹ̀ náà sókè kí n rí i, ó sì fi jó díẹ̀ lórí ebè. Ta ni ìbá sọ òkú fún ọkùnrin tó ń jó? Mo ní màá jíṣẹ́. Mo gun kẹ̀kẹ́, mo lọ.

Mo bú ara mi fún ìgbà pípẹ́ lórí ọ̀nà yẹn. Mo pinnu pé èmi fúnra mi ni màá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ níbi tó kàn.

Ibi tó kàn ni odò kejì, tí àwọn obìnrin mẹ́ta ti ń fọ irú. Àwọn náà ti gbọ́ aago. Wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

"Ṣé ó ti rẹ ìyá wa ni, tí wọ́n fi rán bàbá?"

"Ẹ wo bó ṣe ń gùn ún! Bí ẹni tó gun ìbákasíẹ!"

Mo sọ̀kalẹ̀. Mo la ẹnu. Obìnrin tó sún mọ́ mi jù ti na ọwọ́ sí ewé, ó ti ń di irú sínú rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń dì í. "Ẹ sọ fún un pé èyí tó ní iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù lọ́jọ́sí, mo ti dín in. Kó tọ́ èyí wò, kó wá bú mi tó bá tún ní ẹ̀sùn." Ó dè é mọ́ kéríà, ó fà á wò bóyá ó le. Mo wo ìka rẹ̀ lórí okùn náà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Irọ́ àkọ́kọ́, ahọ́n ló pa á. Èyí, èmi ni.

Lẹ́yìn odò ni òkè bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó mi ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lórí oúnjẹ alẹ́: kí èèyàn dín jíà kù kó tó dé ibi tó le, kó má wo òkè, kó máa wo táyà iwájú, kó jókòó dáadáa kí táyà ẹ̀yìn má baà máa yọ̀ lórí òkúta. Mo ṣe gbogbo rẹ̀, mo sì ń tẹ aago bí mo ṣe ń gòkè. Níbi tí òkè náà ti tẹ̀ sí apá òsì, ẹ̀mí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́, mo sì sọ̀kalẹ̀. Mo dúró láti mí. Àwọn òkè tò lọ lẹ́yìn ara wọn, dúdú, lẹ́yìn náà búlúù, títí a kò fi mọ èyí tó jẹ́ òkè àti èyí tó jẹ́ ìkùukùu. Ìyàwó mi ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà tó ń gun ibí yìí, pẹ̀lú ìbòrí lórí, kò sì sọ̀kalẹ̀ rí. Kò fi yangàn fún mi. Ó kàn máa ń dé abẹ́ máńgòrò, á bu omi sójú, á sì béèrè ohun tí ìwé ìròyìn wí.

Ìyá náà jókòó sẹ́bàá ọ̀nà lórí òkè, lábẹ́ igi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù omi tó máa ń pọn sílẹ̀ fún ẹni tó bá ń kọjá. Kọ́ọ̀pù tánganran aláwọ̀ búlúù kan dé e lórí. Mo mọ kọ́ọ̀pù náà; ilé wa ló ti kúrò. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Dìde, ọkọ ọmọ mi," ó wí. N kò tíì sọ ẹni tí mo jẹ́. "Mo gbọ́ aago láti ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, aago dákẹ́ níbi tó tẹ̀ sí òsì. Ọmọ mi kì í sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá."

"Òun ńkọ́?"

Ahọ́n mi tún gbéra. Mo dì í mú.

"Ìyá, kò sí mọ́. Ó ti lọ láti ìgbà ọyẹ́. Ẹ má bínú pé mo pẹ́."

Ó wo kẹ̀kẹ́ náà fún ìgbà díẹ̀, ó na ọwọ́, ó fi kan ìjókòó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣí àmù, ó bu omi, ó sì gbé kọ́ọ̀pù náà fún mi.

"Mu ún. Òkè yẹn kì í ṣe ti ọmọdé."

Mo mu ún tán. A jókòó. Ó béèrè bóyá ọmọ òun jìyà púpọ̀, mo sì sọ òtítọ́ fún un. Ó sọ fún mi nípa ọmọbìnrin kan tó kọ́kọ́ wá sí òkè yìí pẹ̀lú àpótí yìnyín, tó ṣubú sínú gbágùúdá lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé, tó sì kọ́kọ́ yẹ àpótí wò kó tó yẹ orúnkún ara rẹ̀ tó ń ṣẹ̀jẹ̀. N kò gbọ́ ìyẹn rí.

"Àwọn ará ìsàlẹ̀ ńkọ́?" ó béèrè. "Kí ni wọ́n wí?"

Ojú tì mí. "Wọ́n bi mí, mo ní ó ń kí wọn. N kò mọ ìgbà tí mo sọ ọ́."

"Hùn." Ó mi orí. "Ẹnu ti mọ ìkíni ju ọkàn lọ. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n má jẹ̀ẹ́ kó sùn síbẹ̀."

"Báwo ni màá ṣe wá sọ ọ́, ìyá? Wọ́n ti ń yọ̀."

Ó ronú. "Bí o bá ń lọ, má gun kẹ̀kẹ́ náà. Má sì tẹ aago. Tì í."

"Kí n tì í sọ̀kalẹ̀?"

"Ta ló ń ti kẹ̀kẹ́ sọ̀kalẹ̀ òkè? Bí wọ́n bá rí ọ, wọ́n á ti bi ara wọn kí o tó dé."

Ó sìn mí dé ibi tí òkè ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà sísàlẹ̀. Ó ní kí n fi kọ́ọ̀pù sílẹ̀ fún òun. Mo ní tirẹ̀ ni.

Kò rọrùn láti ti kẹ̀kẹ́ sọ̀kalẹ̀. Ó fẹ́ lọ. Gbogbo ara rẹ̀ ni wọ́n ṣe fún un láti máa yí lórí òkúta wọ̀nyẹn, mo sì ní láti máa fún bíréèkì mọ́wọ́, kí n máa dá a dúró lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn obìnrin náà ṣì wà lódò. Ọ̀kan rí mi láti òkèèrè, ó ṣe bí ẹni fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ti la ẹnu. Ó pa á dé. Ó fi ọwọ́ kan ẹnì kejì. Nígbà tí mo fi dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dìde nínú omi, ìborùn wọn ti kúrò lórí.

Mo fẹ́ tú irú náà kúrò lẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Ẹni tó dì í di ọwọ́ mi mú.

"Tirẹ̀ ni," ó wí. "Ẹ fi ṣe sàráà fún un." Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Ní abúlé, àwọn ọkùnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti fi ọkọ́ sílẹ̀ kí n tó dé ẹ̀bá oko. Mo ní, "Ẹ foríjì mí. Ohun tí mo sọ láàárọ̀ kọ́ ló rí." Àgbà náà, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú tẹ́lẹ̀, gba ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ń tì í lọ níwájú, a tẹ̀ lé e, a sì gba orí pákó ìrókò kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò gùn ún. Wọ́n bá mi gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ lábẹ́ máńgòrò, wọ́n ṣe àdúà fún un, mo ní àmín.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo jókòó sídìí ọkọ̀, mo wo aago ọwọ́ mi bí mo ti máa ń ṣe. Wákàtí méje. Òun ò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.